Àga Tí Ojúlùmọ̀ Fi Fún Ẹlòmíràn

Bí àlejò bá kọ̀ wá níbi iṣẹ́, ó lè dùn wá díẹ̀, a óò sì gbàgbé, nítorí ẹni tí kò mọ̀ wá rí kò lè sọ pé àwa gan-an ni òun kọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ẹni tí a ti jọ ṣiṣẹ́ pọ̀ rí, tí ó mọ ìwà wa àti iṣẹ́ ọwọ́ wa, tí ó wá di ọ̀gá ní Kútọnu tàbí ní Àjàṣẹ́, tí àyè ṣí sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, tí ó sì fò wá dá, tí ó pe ẹlòmíràn, oró rẹ̀ a wọ ni ní akínyẹmí ara, a ó sì máa bi ara wa léèrè lóru pé kí ni ó rí lára wa tí àwa fúnra wa kò rí. Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ni ó fi sẹ́nu.

Ní Kétu, bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ kan orí. Wọn a ní àkúnlẹ̀yàn onítọ̀hún ni, orí rẹ̀ ni kò gbà á. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí ènìyàn ẹlẹ́ran ara jókòó pinnu, tí ó sì lè pinnu lọ́nà mìíràn bí ó bá wù ú, kò tọ́ kí a gbé e ru Olódùmarè. Bẹ́ẹ̀ ni àìrí iṣẹ́ kan gbà kò tó ohun tí a fi ń pe orí odindi ènìyàn ní burúkú.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ oyè ti rí nínú ìlú yìí gan-an, ìlú tí ọba Ẹ̀dẹ tẹ̀ dó. Ìdílé márùn-ún ni ó ń jẹ Alákétu, aláṣẹ èkejì òrìṣà, ní tẹ̀léǹtẹ̀lé: Aláàpínì, Magbó, Àró, Mẹ̀ṣà àti Mẹ̀fù. Bí ó bá kan ilé kan, ilé mẹ́rin a dúró; nínú ilé tí ó kàn pàápàá, ọmọ ọba a pọ̀, orí ẹnì kan ṣoṣo ni adé yóò sì gùn. Ọ̀pọ̀ ọmọ ọba ni ó gbó, tí ó sì kú láìjẹ, tí kò sí ẹni tí ó sọ pé kì í ṣe ọmọ ọba. Nígbà tí ogun Dàhọ̀mì fọ́ Kétu ní 1886, tí wọ́n kó àwọn ènìyàn lẹ́rú lọ, kò sí àga kankan mọ́ fún ẹnikẹ́ni láti dù. Síbẹ̀ nígbà tí àwọn Faransé ṣẹ́gun Àbọ̀mẹ̀, olú-ìlú Dàhọ̀mì, àwọn tí ó kù padà wálé, wọ́n tún ahoro kọ́, wọ́n sì fi Alákétu jẹ ní 1894. Àga ni ogun gbà lọ́wọ́ wọn. Kò gba ẹni tí wọ́n jẹ́.

Mo mọ̀ pé oyè àti iṣẹ́ kò dọ́gba, nítorí tọmọdé tàgbà Kétu ni ó mọ ilé tí ó kàn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó wà lọ́wọ́ ojúlùmọ̀ kò ní ètò tí a lè fojú rí, ibẹ̀ gan-an sì ni oró rẹ̀ wà. N kò ní sọ pé kí ẹni tí ó dùn má sunkún. Ohun tí mo ń wí ni pé kí a mọ ohun tí ojúlùmọ̀ jẹ wá. Kò jẹ wá ní iṣẹ́. Ó jẹ wá pé kí ó pè wá, kí ó fẹnu ara rẹ̀ sọ fún wa kí a tó gbọ́ ọ lẹ́nu ará ọjà. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ó ṣẹ̀ wá, a sì lè wí bẹ́ẹ̀ láìdi kùnrùngbùn. Kí a lọ bá a nílé, kí a kí i bí ó ti yẹ, kí a sì bi í pé: “Ẹ̀gbọ́n, níbo ni mo ti kù díẹ̀ káàtó?” Bí ó bá ń yí ọ̀rọ̀ po, igi tí a fẹ̀yìn tì tí kò gba ni dúró, bí ó bá wó lù ni kò lè pa ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá sọ òótọ́, bí ó ti wù kí ó korò tó, ó ti san gbèsè rẹ̀. A sì lè béèrè orúkọ ẹni tí ó gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀, kí a lè lọ kí i.