Ẹni Tí Ó Jí Kàkàkí Ọba

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó jí kàkàkí ọba, níbo ni yóò ti fọn ọ́n? Ìtumọ̀ òwe yìí kò ṣòro: ohun tí a jí kì í ṣe é gbádùn ní gbangba. Ṣùgbọ́n ayé ti rí ibi tí a ti fọn kàkàkí tí a jí láàrin ọjà, tí ohùn rẹ̀ dùn, tí àwọn mẹ̀kúnnù sì jó sí i. Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, kí ni kí á wí? Ǹjẹ́ adùn ohùn kàkàkí lè pa olè jíjà rẹ́?

Ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Texas, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní ọdún 1948. Níbẹ̀, kí ẹgbẹ́ òṣèlú tó fa ẹnì kan kalẹ̀ fún ìdìbò gbogbogbòò, àwọn ará ìlú ni yóò kọ́kọ́ dìbò láti yàn án láàrin àwọn tí ń du ipò nínú ẹgbẹ́ náà. Ẹgbẹ́ Democrat ni ó ni Texas nígbà náà. Ẹni tí ó bá ti borí nínú ìdìbò abẹ́lé wọn, bí ẹni pé ó ti wọlé tán ni. Coke Stevenson, tí ó ti ṣe gómìnà rí, àti Lyndon Johnson, tí ó wà ní ilé aṣòfin kékeré, jọ figagbága fún àyè kan ní Ilé Aṣòfin Àgbà. Ní oṣù Keje, Stevenson fi ìbò tí ó lé ní 70,000 ṣáájú, ṣùgbọ́n ìbò rẹ̀ kò tó ìdajì gbogbo ìbò tí a dì. Nítorí náà, àwọn méjèèjì tún kojú ara wọn ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹjọ.

Ìbò 988,295 ni a kà ní ẹ̀ẹ̀kejì yìí. Ní ọjọ́ kẹfà lẹ́yìn ìdìbò ni ìròyìn tuntun dé láti Àpótí 13 ní ìlú Alice, ní àgbègbè tí George Parr, baba ìsàlẹ̀ òṣèlú ibẹ̀, ti ń pàṣẹ. Wọ́n ní ìbò 202 ṣẹ̀ṣẹ̀ yọjú: 200 jẹ́ ti Johnson, 2 jẹ́ ti Stevenson. Àwọn tí ó fojú kan ìwé orúkọ náà jẹ́rìí pé àwọn orúkọ tí ó gbẹ̀yìn tò tẹ̀lé ara wọn bí a ti ń to álífábẹ́ẹ̀tì, àti pé ọwọ́ kan náà àti tàdáwà kan náà ni a fi kọ wọ́n. Àwọn kan nínú àwọn tí orúkọ wọn wà níbẹ̀ sì sọ pé àwọn kò dìbò rárá lọ́jọ́ náà. Nígbà tí a ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ìbò 87 péré ni Johnson fi borí. Ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ fi ohùn 29 sí 28 fọwọ́ sí i. Adájọ́ ìjọba àpapọ̀ kan dá ọ̀rọ̀ náà dúró, ṣùgbọ́n Hugo Black, ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ, mú ìdádúró náà kúrò. Johnson sì wọlé.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ní ọdún 1977, Luis Salas, tí ó ṣe alábòójútó ìdìbò ní Àpótí 13, jẹ́wọ́ fún àwọn oníròyìn pé èrú ni wọ́n ṣe. Johnson ti kú ní ọdún 1973; kò sí ilé ẹjọ́ tí ó dá a lẹ́bi, òun náà kò sì jẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n kí ó tó kú, ó ti di Ààrẹ ní ọdún 1963. Ó fọwọ́ sí òfin ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú ní ọdún 1964. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ ọdún 1965, ó fọwọ́ sí òfin ẹ̀tọ́ ìdìbò, èyí tí ó wó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìdènà tí a gbé ka iwájú àwọn aláwọ̀ dúdú ní Gúúsù ilẹ̀ náà. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ta kókó nìyí: ayédèrú ìbò wà lára àtẹ̀gùn tí ọkùnrin náà gùn dé ibi tí ó ti fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ìbò tòótọ́.

Àwọn kan yóò wí pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Wọn yóò rán ni létí pé ní ọdún 1941, ìbò 1,311 ni a fi yọ Johnson sílẹ̀ nínú irú ìdíje kan náà, pẹ̀lú ìbò tí ó pẹ́ kí ó tó dé. Wọn yóò ní Parr ti ṣe ìtìlẹ́yìn fún Stevenson náà rí. Òótọ́ ni gbogbo èyí. Òótọ́ ni pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà náà tí ó gba inú yàrá onílé kọjá. Ẹni tí a sì rẹ́ jẹ lánàá kò tìtorí rẹ̀ gba àṣẹ láti rẹ́ ẹlòmíràn jẹ lónìí.

Jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tí ó ń fi òfin 1965 gbèjà Àpótí 13 ti gbàgbé pé ní ọdún 1948, Johnson ń sọ ní gbangba pé òun lòdì sí òfin tí yóò dá ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú padà. Rere tí ẹnikẹ́ni kò tí ì gbèrò kò lè jẹ́ ìdí tí a fi ṣe ibi. Bí a bá sì fẹ́ ka èrè sí àpótí náà lọ́rùn, a gbọ́dọ̀ ka gbèsè sí i pẹ̀lú. Ọwọ́ tí ó fọwọ́ sí òfin yẹn náà ni ó rán àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ lọ sí Vietnam ní ọdún kan náà. Àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tí ó lé ní 58,000 ni ogun náà pa kí ó tó parí, yàtọ̀ sí àwọn ará Vietnam tí iye wọn pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì.

Ta ni a tilẹ̀ jà lólè? Kì í ṣe Stevenson nìkan. Ní àgbègbè Parr, ọ̀pọ̀ àwọn olùdìbò jẹ́ mẹ̀kúnnù tí ìran wọn ti Mexico wá. A mú orúkọ ènìyàn, a fi sọ ohun tí ẹnu rẹ̀ kò sọ. Orúkọ ẹni sì ni ohun ìní tí òtòṣì ní tí ó bá ti olówó dọ́gba. Òfin 1965 fúnra rẹ̀ dúró lórí pé ohùn ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ́ tirẹ̀, àti pé kò sí ẹni tí ó gbọ́dọ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ rere tí a fẹ́ fi wẹ àpótí náà mọ́ ni ó jẹ́rìí takò ó jù.

Síbẹ̀, kò tọ́ kí á sọ pé òfin náà di aláìmọ́. Àwọn tí ó tipa rẹ̀ dìbò kò jí ohunkóhun. Wọ́n gba ohun tí ó ti jẹ́ tiwọn tẹ́lẹ̀ ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó jí ìdáhùn wò nínú ìdánwò lè di dókítà tí yóò wo ọ̀pọ̀ aláìsàn sàn. Ìwòsàn náà kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kò tíì rí ẹ̀san gbà, olùkọ́ kò sì lè sọ fún kíláàsì pé jíjí ìdáhùn wò dára. Ohun méjì ni, ìwé ìṣirò méjì ni a sì gbọ́dọ̀ kọ wọ́n sí.

Nígbà tí ìdíje bá jìnnà síra, kò sí ẹni tí ìdánwò ń bá. Ìgbà tí ó bá ku ìbò 87 ni a ń mọ irú ènìyàn tí a jẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ óò máa ka ìbò fún ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ lónìí, tí ẹ óò sì máa ka ti ìlú lọ́la, ẹ rántí pé ẹni tí ó di ìwé orúkọ mú kò lè mọ ohun tí ẹni tí ó wọlé yóò fi ipò ṣe ní ọdún mẹ́tàdínlógún sí i. Ohun kan ṣoṣo tí ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ ni kí ó ka iye tí ó bá nínú àpótí, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.