Àkúnlẹ̀yàn Kọ̀ǹpútà

Bí iná bá jó kọ̀ǹpútà kan di eérú, tí oní-nǹkan sì ra òmíràn, tí ó gbé àkọsílẹ̀ àtijọ́ tí ó fi ṣètò NixOS, ètò ìṣiṣẹ́ (operating system) kọ̀ǹpútà rẹ̀, lé e lórí, tí gbogbo ètò sì padà bọ̀ sípò, ǹjẹ́ ti àná náà ni, àbí àjèjì tí ó gbé ẹ̀wù òkú wọ̀? Ọgbọ́n NixOS, tí ó dúró lé irinṣẹ́ Nix tí Eelco Dolstra dá sílẹ̀ ní Yunifásítì Utrecht ní 2003, ni pé kí a kéde ohun tí ẹ̀rọ yóò jẹ́, lábala-lábala, ti ìró lọ́tọ̀, ti ìtẹ̀wé lọ́tọ̀: àkúnlẹ̀yàn gan-an ni. Àmọ́ àyànmọ́ tiwa kò gbóògùn. Ti kọ̀ǹpútà gbóògùn: NixOS a máa pa àwọn ẹ̀dà àtẹ̀yìnwá mọ́, kí a lè padà sí èyí tí ó sàn. Ní tèmi, àjèjì ni, nítorí lẹ́tà àti fọ́tò tí iná jó kò sí nínú ìkéde kankan.