Odò Ọ̀run ní Apá Ọmọdé

Àwọn baba wa ní abiyamọ kì í gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀ kó má tatí wéré. Ṣùgbọ́n etí lè ta tán kí ó má sì mọ ohun tí ẹkún ń wí, nítorí ọmọ tí inú ń run àti ọmọ tí oorun ń kùn, igbe kan náà ni wọ́n máa ń ké. Èyí ni ó mú kí àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Ṣáínà àtijọ́ máa pe ìtọ́jú ọmọdé ní ìṣègùn odi, ìyẹn ìṣègùn ẹni tí kò lè fi ẹnu ara rẹ̀ ròyìn àìsàn rẹ̀. Qian Yi, àgbà oníṣègùn ayé ìjọba Song, tí a kó ẹ̀kọ́ rẹ̀ lórí àìsàn ọmọdé jọ sínú ìwé ní 1119, ọmọ ọdún 3 péré ni nígbà tí baba rẹ̀, ẹni tí ó mọ abẹ́rẹ́ ìwòsàn gún bí ẹní mowó, fi ilé sílẹ̀ tí ó kọrí sí òkun ìlà-oòrùn. Mo sì máa ń rò ó pé ẹni tí a já jù sílẹ̀ kí ó tó lè béèrè ìdí, irú wọn ni í mọ etí í dẹ sí ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀.

Ibi tí ẹnu kùnà sí, ọwọ́ ni wọ́n fi ń bá ọmọ sọ ọ́. Tuina ni wọ́n ń pe ìtọ́jú náà, kí a tì, kí a sì dì mú. Ti ọmọdé sì fara hàn gbangba nínú ìwé ńlá tí Yang Jizhou gbé jáde ní 1601, nígbà ìjọba Ming. Wọ́n fún ìka ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀yà inú tirẹ̀, ìfábẹ̀lá fún ẹ̀dọ̀, ìka àárín fún ọkàn, ọmọńdinrín fún kíndìnrín. Ọmọ tí kò bá jẹun dáadáa, wọn a dojú rẹ̀ délẹ̀ ní òwúrọ̀, wọn a fi ìka kó awọ ẹ̀yìn rẹ̀ jọ, wọn a tú u, wọn a tún kó o, láti ìdí ọ̀pá ẹ̀yìn títí dé ọrùn. Ṣùgbọ́n ti ara gbígbóná ni ó wù mí jù: ìyá a ti ìka bọ omi tútù, a sì máa fi ìka 2 ti inú apá ọmọ láti ọrùn ọwọ́ lọ sí ìgbọ̀nwọ́, nígbà 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ojú ọ̀nà tí ó ń tì yìí sì ń jẹ́ Omi Odò Ọ̀run. Odò Ọ̀run kan náà ni wọ́n ń pe ọ̀wọ́ ìràwọ̀ tí ó na gbalaja, tí ó funfun lójú sánmà lóru.

Ǹjẹ́ odò wà ní apá ọmọdé? Ẹni tí ó bá la apá kò ní bá a níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó la agbárí kò ní bá orí inú níbẹ̀, Yorùbá kò sì tìtorí èyí sọ pé kò sí. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ méjèèjì kò dọ́gba tán, nítorí ẹnìkan kò sọ pé orí inú ń pa ibà, ẹni tí ó bá sì ní odò kan ń paná ara ọmọ ti sọ ohun tí a lè dán wò. Bí gìrì bá dé, tàbí tí ọmọ kò lè mu ọmú mọ́, kí ìyá má ṣe ka iye mọ́, kí ó gbé e sáré lọ sí ilé ìwòsàn.

Ohun tí mo rí nínú orúkọ náà yàtọ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, kò sì sí ẹni tí ń ti omi ọ̀run tí yóò máa kánjú. Kí abiyamọ, ọlọ́jà gbọọrọ, tó kà á dé 100, yóò ti mọ bí ọmọ ṣe ń mí, yóò ti mọ̀ bóyá òógùn ti ń sọ níwájú orí rẹ̀, yóò ti rí i bóyá ojú rẹ̀ ti jìn wọnú. Àwọn ìyá-àgbà wa tí ń fi òrí pa ọmọ tuntun lára ń ṣe irú àkíyèsí yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò fi orúkọ ìràwọ̀ kankan pe ojú ọ̀nà tí ọwọ́ wọn ń tọ̀.

Bí ọmọ bá sì sùn lọ nígbà tí a kà á dé 80, ìyá yóò ka 20 tí ó kù láìsọ̀rọ̀, kò sì ní béèrè bóyá odò ni tàbí ọwọ́. Ìbéèrè yẹn kù sílẹ̀ fún àwa tí ẹkún kò jí lóru.