Ta Ló Ń Kọrin Lẹ́yìn Jonas?

Ọmọ ọdún méjìlá kan wà lórí òkè lóru, òjò dídì ń bọ́ lé e lórí, ó gbá ọmọ ọwọ́ kan mọ́ra. Ebi ti jẹ́ kí ojú rẹ̀ rí màbo, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti rọ́, ó sì ti pa kẹ̀kẹ́ tó gùn wá tì sísàlẹ̀. Ó bá ọkọ̀ yìnyín kan lókè níbẹ̀, irú pákó pẹlẹbẹ tí àwọn ọmọdé ilẹ̀ olótùútù máa ń jókòó lé, tí wọ́n á fi yọ̀ gẹ̀rẹ̀ dé ìsàlẹ̀ òkè. Ó gbé ọmọ náà mọ́ àyà, ó jókòó, ó yọ̀ lọ. Iná aláràbarà ń tàn lójú fèrèsé àwọn ilé tó wà nísàlẹ̀. Ó gbọ́ orin níwájú, ó sì dà bí ẹni pé ó gbọ́ òmíràn lẹ́yìn. Ìwé parí síbẹ̀.

Lois Lowry, ọmọ Amẹ́ríkà, ló kọ ọ́. The Giver ni orúkọ ìwé náà, ọdún 1993 ló jáde, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ Newbery lọ́dún 1994. Láti ìgbà náà ni àwọn òǹkàwé, ọmọdé àtàgbà, ti ń bára wọn jiyàn: Jonas, ọmọ orí òkè yẹn, kú àbí kò kú? Àwọn kan ní òtútù ló pa á. Wọ́n ní ẹni tí òtútù bá fẹ́ pa, nígbẹ̀yìn ara rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná lójú tirẹ̀. Wọ́n á tún tọ́ka sí ìtàn tí Hans Christian Andersen kọ lọ́dún 1845, níbi tí ọmọbìnrin tó ń ta ìṣáná ti ń ṣá a níkọ̀ọ̀kan lóru ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún, tó ń rí igi Kérésìmesì àti ìyá rẹ̀ àgbà nínú iná náà, tí wọ́n sì bá òkú rẹ̀ láàárọ̀. Àwọn mìíràn ní Jonas gúnlẹ̀ sí ìlú tuntun. Àwọn kan tún ní ńṣe ló rìn yíká, pé ìlú tó sá kúrò gan-an ló padà sí, ìlú náà ló ti yí padà. Èmi tí wọ́n fi àlọ́ ìjàpá tọ́, tí apàlọ́ kì í dìde láìfi agogo ẹnu rẹ̀ búra, mo mọ ohun tó ń dun ẹni tó fi ìbínú pa irú ìwé bẹ́ẹ̀ dé. A fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ já sí.

Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń rò ó síwájú sẹ́yìn, ó ń jọ mí lójú pé ìbéèrè méjì ló wà lórí òkè yẹn, èyí tó kéré nínú méjèèjì la sì dì mú.

Ìlú tí Jonas ti wá kò ní òkè, kò ní òtútù, kò ní àwọ̀. Pupa kò sí, àwọ̀ ewé kò sí. Àwọn àgbà ìlú ló ń yan ìyàwó fún ọkọ, àwọn ló ń pín ọmọ fún ìdílé, ọkùnrin kan, obìnrin kan, ó parí. Bí ọmọ bá wọ ọdún méjìlá, wọ́n á sọ iṣẹ́ tí yóò ṣe títí ọjọ́ ogbó fún un níwájú gbogbo ènìyàn. Kò sí ogun, kò sí ebi. Ohun tó mú kí èyí ṣeé ṣe ni pé wọ́n ti kó gbogbo ìrántí ayé àtijọ́, àtadùn àtìkorò, ru bàbá arúgbó kan ṣoṣo. Jonas ni wọ́n yàn pé kí ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá á gbé ọwọ́ lé ọmọ náà lẹ́yìn, ìrántí á sì kọjá sí i lára. Èyí tí bàbá bá ti fún un tán, ó ti kúrò lọ́dọ̀ bàbá nìyẹn.

Iṣẹ́ ìtọ́jú ọmọ tuntun ni bàbá tó tọ́ Jonas ń ṣe. Ẹni jẹ́jẹ́ ni. Òun ló mú Gabriel, ọmọ ọwọ́ tí kì í sùn lóru, wálé pé kí ìdílé òun bá òun tọ́jú rẹ̀ bóyá ara rẹ̀ á balẹ̀. Nígbà tó yá, obìnrin kan bí ìbejì tó jọra. Ìlú kò fẹ́ kí ènìyàn méjì tó jọra máa rìn káàkiri, ẹ̀rù ń bà wọ́n pé yóò da nǹkan rú. Wọ́n gbọ́dọ̀ “yọ̀ǹda” ọ̀kan, bí wọ́n ṣe ń pè é níbẹ̀. Jonas rò pé ibòmíràn ni wọ́n máa ń gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ, àfìgbà tí bàbá arúgbó fi àwòrán ohun tó ṣẹlẹ̀ hàn án. Bàbá rẹ̀ gbé ọmọ méjèèjì sórí ìwọ̀n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó fi èyí tó wúwo ránṣẹ́ sí ibi ìtọ́jú. Ó fi abẹ́rẹ́ gún èyí tó fúyẹ́ níwájú orí, ó ń fi ohùn tí a fi ń bá ìkókó ṣeré bá a sọ̀rọ̀. Ọmọ ta ẹsẹ̀ díẹ̀, ó dákẹ́. Bàbá gbé e sínú páálí kékeré, ó tì í sínú ihò tó dà bí ibi tí wọ́n ń da pàǹtí sí, ó juwọ́ sí i pé ó dàbọ̀.

Kò sí Yorùbá tó máa ka ibẹ̀ yẹn tí ara rẹ̀ kò ní bù máṣọ. Àwa tí à ń ki ẹ̀jìrẹ́, tí àwọn baba wa máa ń gbẹ́ ère fún èyí tó bá kú nínú wọn, tí wọ́n ń wẹ̀ ẹ́, tí wọ́n ń wọ̀ ọ́ láṣọ kí ó má baà mú ìkejì rẹ̀ lọ. Àmọ́ kì í ṣe ìkà ló bà mí lẹ́rù nínú ọ̀rọ̀ bàbá Jonas. Kò ní ìkà nínú. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ ló ń ṣe, kò sì sí ìrántí ikú kankan nínú rẹ̀ tí yóò fi mọ ohun tí ọwọ́ òun ń ṣe.

Látorí ohun tí Jonas rí yẹn ni ètò ìsálọ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ọdún mẹ́wàá ṣáájú, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Rosemary ni wọ́n yàn sí ipò tí Jonas wà yìí, ọmọ bàbá arúgbó náà fúnra rẹ̀ sì ni. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún péré ló lò tó fi ní kí wọ́n yọ̀ǹda òun. Nígbà tó kú, ìrántí ọ̀sẹ̀ márùn-ún yẹn tú padà sára àwọn aráàlú, ìlú sì dàrú. Jonas àti bàbá arúgbó wá rò ó pé bí Jonas bá jìnnà sílùú, ti nǹkan bí ọdún kan ni yóò bọ́ lé wọn lórí. Bàbá á dúró tì wọ́n, á máa kọ́ wọn bí a ṣe ń gbé e. Wọn ò tíì múra tán tí Jonas fi gbọ́ pé Gabriel ló kàn láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó gbé e sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ bàbá rẹ̀, ó sá lóru. Ti Gabriel ló mú un tètè lọ. Ti ìlú ló mú un gbèrò àtilọ.

Mo mọ̀ pé ẹ̀rí àwọn tó ní ó kú kì í ṣe kékeré. Ìrántí àkọ́kọ́ tí bàbá fún Jonas ni ti ọkọ̀ yìnyín lórí òkè. Èyí tí bàbá fẹ́ràn jù ni ti ilé kan lọ́jọ́ Kérésìmesì, iná lára igi, àwọn òbí àgbà lórí àga. Àwọn méjèèjì yìí gan-an ló pàdé lójú rẹ̀ nígbẹ̀yìn, bí àlá ẹni tó ń kú lọ. Orin ńkọ́? Kí Jonas tó lọ, bàbá fi orin lọ̀ ọ́ pé kí ó gbà díẹ̀ dání. Jonas kọ̀. Ó ní kí bàbá fi í sọ́wọ́, kí ó lè máa bá a gbé bí òun bá lọ tán. Kò sí orin, nígbà náà, nínú ẹrù tó gbé dání. Èyí tó gbọ́ nísàlẹ̀ òkè, ẹnikẹ́ni kò fún un. Èmi fi ìyẹn gbà pé àwọn ènìyàn wà níbẹ̀ lóòótọ́ àti pé Jonas débẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jiyàn lè sọ pé ọmọ tó rí pupa lára èso ápù kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ ọ lè gbọ́ orin láìjẹ́ pé wọ́n fún un. Kò burú, ẹ jẹ́ kó máa jiyàn lọ.

Orin kejì ni ọkàn mi kò kúrò lórí rẹ̀. Lowry kò ṣiyèméjì nípa ti iwájú: Jonas gbọ́ ọ, ó mọ̀ ọ́n ní orin, ènìyàn ló ń kọ ọ́. Èyí tó ń bọ̀ láti ẹ̀yìn, láti ìlú tó fi sílẹ̀, ni kò dá òǹkọ̀wé lójú. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ìró tó kọlu nǹkan tó sì padà wá síni létí lásán. Gbólóhùn tó kẹ́yìn ìwé náà nìyẹn. Àwa ń pariwo lórí ẹ̀mí ọmọ, iyèméjì tí òǹkọ̀wé fi parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà lórí ìlú.

Ẹ fojú inú wo àwọn aráàlú wọ̀nyẹn. Ìrántí tí Jonas gbà kì í ṣe ti oòrùn àti ọkọ̀ ojú omi nìkan. Ọmọ ogun kékeré kan wà níbẹ̀ tó ń bẹ̀bẹ̀ omi lójú ogun. Erin wà níbẹ̀ tí wọ́n pa nítorí eyín. Ebi wà níbẹ̀, egungun tó ṣẹ́ wà níbẹ̀. Gbogbo rẹ̀ tú dà sórí ẹni tí kò tíì rí ìrora tó ju kí ilẹ̀kùn há a lọ́wọ́. Bàbá Jonas wá mọ ohun tó wà nínú páálí. Ìyá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ìdájọ́, níbi tí ẹni tó bá rúfin nígbà kẹta ti ń gba ìyọ̀ǹda. Òun náà wá mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Ta ni yóò mú Lily, àbúrò Jonas, mọ́ra láàárín àwọn méjèèjì? Irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹkún ni yóò kọ́kọ́ ti ibẹ̀ jáde kí a tó sọ ti orin.

Ohun kan tún wà tó ń kó ọkàn mi sókè. Wọ́n ti jẹ irú ìyà yìí rí nígbà Rosemary, kékeré ẹ̀ ni. Kí ni wọ́n fi ṣe? Wọ́n fara dà á, wọ́n dúró fún ọdún mẹ́wàá, wọ́n sì tún wá ọmọ mìíràn gbé ẹrù náà lé. Ta ló sọ pé wọn ò ní wá ẹ̀kẹta? Bàbá arúgbó nìkan ni ìyàtọ̀. Nígbà Rosemary, ìbànújẹ́ ti dè é mọ́lẹ̀, kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ti pinnu láti dúró. Bí orin bá ń ti ẹ̀yìn wá lóòótọ́, òun ló ń kọ́ wọn.

Lowry ti sọ ibi tí ìwé yìí ti sú yọ. Bàbá tirẹ̀ darúgbó, iyè rẹ̀ sì ń ṣá. Wọ́n jọ ń wo fọ́tò lọ́jọ́ kan, bàbá rí Helen, àkọ́bí rẹ̀ tó kú nígbà ọ̀dọ́, ó ní òun kò rántí ohun tó ṣe é. Lowry sọ fún un pé ó kú. Láìpẹ́ bàbá tún bi í, ọmọ tún ní láti túfọ̀ ikú Helen fún un bí ìgbà àkọ́kọ́. Ìbéèrè yẹn ló di ìwé: ṣé kí a fi ẹni tó gbàgbé sílẹ̀ nínú ìfọ̀kànbalẹ̀ rẹ̀, àbí kí a dá ọgbẹ́ rẹ̀ padà fún un? Jonas dáhùn lórúkọ gbogbo ìlú láìbi wọ́n. Mo gbè é, síbẹ̀ mi ò lè sọ pé kò sí ipá nínú ohun tó ṣe.

Nígbà tó ń gba àmì ẹ̀yẹ rẹ̀ lọ́dún 1994, Lowry ní kò sí ìtumọ̀ kan tó jẹ́ òótọ́ fún gbogbo ènìyàn nípa ìparí yẹn. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò dúró pẹ́. Nínú Messenger, ọdún 2004, Jonas ti dàgbà, ó ti di aṣáájú ìlú mìíràn, ọkọ̀ yìnyín rẹ̀ sì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Nínú Son, ọdún 2012, Gabriel ti di ọ̀dọ́langba. Ìyẹn kò dùn mí, ìbéèrè kékeré ló dáhùn. Fíìmù ọdún 2014 ló ṣe mí ní kàyéfì: Jonas kọjá ààlà, ìrántí sì ya bo ìlú lẹ́ẹ̀kan náà, àwọ̀ padà sójú gbogbo wọn, a ò sì dúró tì wọ́n títí di ọjọ́ kejì. Ó dùn ún wò, àmọ́ ó fi ìṣẹ́jú díẹ̀ dáhùn ohun tí ìwé náà kò dáwọ́ lé àtidáhùn.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ máa fi ìwé yìí lé ọmọ yín lọ́wọ́, bó bá kà á tán, ẹ má wulẹ̀ bi í bóyá Jonas kú. Ẹ bi í pé kí ni bàbá Jonas ṣe láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tó dé ẹnu iṣẹ́ tó bá àwọn ọmọ tuntun tó ń dúró dè é.