Iyọ̀ Afùwàpẹ́, Irin Àjàlá: Ìmọ̀ràn Ifá fún Àwọn Kóòṣì Òwò

Ọdún 2003 ni ìjọba àpapọ̀ fi òfin dá àjọ SMEDAN sílẹ̀ fún àwọn oníṣòwò kéékèèké àti alábọ́dé; Àbújá ni olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wà. Yàtọ̀ sí ti ìjọba, àwọn kóòṣì òwò aládàáni náà kún ìlú ọ̀hún, wọ́n ń gba gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì ní Wuse 2 àti Garki. Bí ohùn kóòṣì bá ń gbọ̀n, ta ni yóò sanwó fún un? Bó bá sì ṣe bí ẹni tó mọ ohun gbogbo tán, ọjà oníbàárà ni àṣìṣe rẹ̀ yóò bà jẹ́. Báwo ni ìgboyà àti ìrẹ̀lẹ̀ ṣe lè jọ gbé inú ẹnì kan? Odù Ifá tó ń jẹ́ Ogbè-Ògúndá dáhùn.

Ọ̀rẹ́ mẹ́ta ń ti ọ̀run bọ̀ wá sáyé: Oríṣẹ̀ẹ́kú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yan orí nílé Àjàlá alámọ̀, ẹni tó ń fi amọ̀ mọ orí. Àwọn méjì kánjú lọ, wọ́n mú orí tó tóbi, tó dùn ún wò. Àṣé kò jiná. Òjò pa wọ́n lọ́nà, ó sì fọ orí wọn dànù.

Afùwàpẹ́ yà sọ́dọ̀ baba rẹ̀. Wọ́n dífá fún un, ó rúbọ, ó mú owó àti iyọ̀ dání. Lọ́nà, ó bá oníbodè kan tó ń bu eérú sọ́bẹ̀. Kò fi í ṣẹ̀sín. Ó fún un ní iyọ̀, ó sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Oníbodè wá tú àṣírí fún un: onígbèsè ni Àjàlá, bí olówó bá ti dé, inú àjà ló ń sá sí. Afùwàpẹ́ san gbèsè náà. Àjàlá sọ̀ kalẹ̀, ó mú ọ̀pá irin, ó ń fi lu orí. Èyí tí kò jiná fọ́. Èyí tó jiná dún, òun ló fi lé e lọ́wọ́.

Iyọ̀ ni ìmọ̀ kóòṣì: ìwé owó, iye tó yẹ kéèyàn tajà, ìforúkọsílẹ̀ iléeṣẹ́ ní CAC. Kò gbọdọ̀ tijú láti bù ú fúnni. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní iyọ̀ ló mọ ilé Àjàlá; oníbàárà sì ni ẹni náà. Ká ní obìnrin kan ń se oúnjẹ fún ìpàdé àwọn iléeṣẹ́ ìjọba. Kóòṣì rí i pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kó gba òṣìṣẹ́ sí i, kó polówó lórí Instagram. Kò mọ̀ pé wọn ò tíì sanwó oúnjẹ tí wọ́n ti jẹ lóṣù mélòó kan sẹ́yìn, àti pé bí oníràìsì bá pè láti Ọjà Wuse, obìnrin náà kì í gbé fóònù. Inú àjà ló wà. Bí iṣẹ́ bá ṣe ń pọ̀ sí i ni gbèsè rẹ̀ yóò máa ga sí i.

Ẹ tún wo ìdí ọpọ́n Ifá. Ẹni tó wá dáfá ń sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí owó. Babaláwo kò gbọ́. Babaláwo á máa ki ẹsẹ Ifá, kò ní kólòlò, torí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọ. Ẹni tó ni ọ̀rọ̀ ni yóò sọ ẹsẹ tó bá tirẹ̀ mu. Ìgboyà babaláwo wà nínú ohun tó kọ́. Ìrẹ̀lẹ̀ rẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn tí kò gbọ́. Nínú ọ̀pọ̀ ẹsẹ, Ọ̀rúnmìlà tó ni Ifá gan-an ni wọ́n ń dífá fún. Bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin kóòṣì, kí ẹ tó sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó fẹ òwò rẹ̀ lójú, ẹ bi í ní ẹni tó jẹ lówó àti ẹni tó jẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi irin lu ìmọ̀ràn yín: ẹ fi díẹ̀ dán an wò lóṣù kan, kí ẹ yẹ ìwé owó wò. Bó bá dún, ẹ sọ ọ́ sókè, ẹ má bẹ̀rù.