Orin Inú Fíìmù: Ta Ló Ni Ín?

Bí ẹnì kan ní Marine Beach, l'Ápápá, bá wo Ayinla, fíìmù tí Túndé Kèlání gbé jáde ní 2021, yóò gbọ́ àpàlà Àyìnlá Ọmọwúrà, tó kú ní 1980. Oore ńlá ni èyí fún àwọn ọ̀dọ́. Ṣùgbọ́n lágbo àpàlà, olórin àti onílù ló ń darí. Nínú fíìmù, ìtàn ni orin ń tẹ̀lé. Òǹwòran á rántí òṣèré. Ta ni yóò rántí Adéwọlé Oníluọlá, tó ń lùlù fún Àyìnlá? Àmánà ni orin àjogúnbá. Ẹni tó bá yá a lò, kó dárúkọ àwọn tó ni ín, kó sì san ẹ̀tọ́ àrólé wọn. Kí Ọlọ́hun má jẹ́ ká jẹ ẹ̀tọ́ òkú. Àmín.