Ṣé Àbùkù Ni Kí Wọ́n Dán Nọ́ọ̀sì Wò?

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ ká jọ rò. Bí ènìyàn bá ti kàwé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tàbí ti dókítà yege, tó ti gba ìwé àṣẹ, tó sì ti fi ogún ọdún ṣiṣẹ́ náà, ṣé ó tọ́ kí ẹnì kan tún wá gbé ìbéèrè síwájú rẹ̀, kó ní kó fi hàn bóyá ó ṣì mọ ohun tí a ń ṣe fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ dáṣẹ́ dúró lójijì? Ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò sọ pé àbùkù ni. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń pè é lábùkù kì í ṣe òmùgọ̀ o. Ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ dáadáa ká tó dá wọn lóhùn.

Ohun tí à ń sọ gan-an ni èyí tí gbogbo ayé ń pè ní CPR. Ọkàn ẹnì kan dáṣẹ́ dúró, kò mí mọ́, ẹ̀jẹ̀ kò lọ sí ọpọlọ mọ́. Bí ìṣẹ́jú bíi mẹ́rin bá kọjá báyìí, ọpọlọ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Kí ọdún 1960 tó dé, ohun tí àwọn dókítà sábà máa ń ṣe ni pé kí wọ́n fi ọ̀bẹ la àyà, kí wọ́n fọwọ́ mú ọkàn fúnra rẹ̀, kí wọ́n máa fún un. Ọdún yẹn ni àwọn mẹ́ta kan ní Johns Hopkins, ní ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà, Kouwenhoven, Jude àti Knickerbocker, kọ ọ́ jáde pé kò dìgbà tí a bá lo ọ̀bẹ: ọwọ́ méjì tí a gbé léra wọn, tí a fi ń tẹ àárín àyà láti òde, á máa ti ẹ̀jẹ̀ lọ. Kouwenhoven kì í tilẹ̀ ṣe dókítà, ẹnjiníà iná mànàmáná ni.

Ẹ wá wo bó ṣe rọrùn tó lẹ́nu. A ó tẹ àyà àgbàlagbà wọlé ní sẹ̀ǹtímítà 5, kò gbọdọ̀ ju 6 lọ. Títẹ̀ náà á jẹ́ 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan. A ó jẹ́ kí àyà gbéra padà pátápátá ká tó tún tẹ̀ ẹ́. Bí a bá ti tẹ̀ ẹ́ nígbà 30, a ó fún un ní èémí 2, a ó sì tètè padà sẹ́nu títẹ̀. Ó tán. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ṣe é rí mọ̀ pé iṣẹ́ àgbẹ̀ ni. Òógùn á bo ojú, apá á bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ ẹ́, títẹ̀ á máa fúyẹ́ sí i láìjẹ́ pé onítọ̀hún fura. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí ẹlòmíràn gbà á lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan, nọ́ọ̀sì àgbà ní ilé ìwòsàn kan níhìn-ín lókè ọya, bínú kúrò níbi irú ìdánwò yìí. Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta ló kó ìwé ìbéèrè wá bá wọn lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní, "Irú ọmọ tí mo gbẹ̀bí ẹ̀ ló fẹ́ wá bi mí bóyá mo mọ bí wọ́n ṣe ń mí?" Ó wá pa á lówe fún mi pé bọ́mọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Òótọ́ lẹ̀gbọ́n sọ. Ojú tó ti rí aláìsàn fún ọdún bẹ́ẹ̀ yẹn, ìwé kò lè fún ènìyàn nírú rẹ̀. Ó lè wo aláboyún lójú kó mọ̀ pé nǹkan fẹ́ ṣẹlẹ̀, kí ẹ̀rọ kankan tó sọ ọ́.

Ibi tí òwe náà kò dé ni èyí: nínú ọ̀rọ̀ CPR, àkísà gan-an ni ìṣòro. Kí ọdún 2005 tó dé, 15 ni wọ́n ń tẹ̀ kí wọ́n tó fún àgbàlagbà ní èémí 2. Ọdún yẹn ni wọ́n sọ ọ́ di 30. Ní ọdún 2010, àwọn tó ń ṣe ìlànà ní Amẹ́ríkà tún yí ètò rẹ̀ padà. Tẹ́lẹ̀, ọ̀nà ọ̀fun ni wọ́n kọ́kọ́ ń tọ́jú, lẹ́yìn náà èémí, kí wọ́n tó kan àyà. Wọ́n ní rárá, àyà ni kó ṣáájú, kí ẹ̀jẹ̀ má bàa dúró pẹ́. Nítorí náà ẹni tó kọ́ ọ ní 1998 kì í ṣe olódo. Ó kọ́ ọ dáadáa, ohun tó kọ́ ló ti gbó. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè, òwe lèyí náà, àwọn àgbà ló pa á.

Yàtọ̀ sí èyí, ìmọ̀ tó wà lọ́wọ́ kì í pẹ́ lọ bí a kò bá lò ó. Abẹ́rẹ́ tí nọ́ọ̀sì ń gún lójoojúmọ́, kò lè gbàgbé rẹ̀ láé. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì tó wà ní ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ojú lè lo ọdún mẹ́wàá kó má rí ẹni tí ọkàn rẹ̀ dúró níwájú rẹ̀. Ìwé ẹ̀rí tí ẹgbẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà ń fúnni lórí rẹ̀, ọdún méjì péré ló ń lò. Àwọn tó wádìí ọ̀rọ̀ náà sì ti rí i léraléra pé láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà ni ọwọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé. Àdá tí a fi kọ́ àjà á dógùn-ún. Kò sẹ́ni tó ń bú àdá nítorí ẹ̀. Awakọ̀ òfurufú ńkọ́? Bí oṣù mẹ́fà mẹ́fà ni wọ́n ń dán wọn wò nínú ẹ̀rọ tó dà bí ọkọ̀ gidi, títí kan ẹni tó ti ń fò láti ìgbà tí orí rẹ̀ ti dúdú. Mi ò gbọ́ kí ọ̀kan nínú wọn pè é lábùkù. Bóyá nítorí pé bí ọkọ̀ bá já, òun náà wà nínú rẹ̀ ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti le fún mi kò sí lọ́dọ̀ ẹni tí wọ́n dán wò, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń dánni wò ló wà. Ìwádìí irú èyí pọ̀ ní ilé ìwòsàn wa ní Nàìjíríà. Olùwádìí á dé, á ṣèlérí pé òun ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, á pín ìwé, á gbà á padà, á ka iye tí kálukú gbà, á sì kọ ọ́ jáde pé ìmọ̀ wọn kéré. Ó parí. Ṣùgbọ́n ẹ dúró ná. Nọ́ọ̀sì tó gba mẹ́rin nínú mẹ́wàá ló tún máa sun iṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Olùwádìí ti mọ̀, aláìsàn kò mọ̀, nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ pàápàá lè má mọ̀. Kí ni olùwádìí jẹ ẹni tó sùn sórí bẹ́ẹ̀dì yẹn?

Ẹ lè ní kó dárúkọ. Bó bá dárúkọ, ó da ìlérí, ìgbà mìíràn tó bá tún wá, kò ní rí ẹni dá a lóhùn, tàbí kí wọ́n ti wo ìdáhùn lára fóònù. Ẹ lè ní kó dákẹ́. Bó bá dákẹ́, ó rí ihò lára afárá, ó wọn ihò náà, ó gba oyè lórí rẹ̀, ó sì jẹ́ kí àwọn èèyàn máa gba ibẹ̀ lọ. Èmi rò pé ọ̀nà kan ṣoṣo ló mọ́: ọjọ́ tó bá dán wọn wò ni kó kọ́ wọn. Gbogbo wọn pátá, ẹni tó gba mẹ́wàá àti ẹni tó gba òdo, ní ọ̀sán ọjọ́ kan náà. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, kò sì jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Olùwádìí tí kò bá ní owó tàbí àkókò fún ẹ̀kọ́ yẹn, kó má ì tíì bẹ̀rẹ̀ ìdánwò.

Ẹ̀kọ́ ọ̀hún kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ti ẹnu. Ènìyàn lè fi bírò mú 30 àti 2 láìṣì í, kó wá tẹ àyà wọlé ní sẹ̀ǹtímítà méjì. Láti 1960 náà ni ará Norway kan, Asmund Laerdal, tó ń ṣe ohun ìṣeré ọmọdé, ti ṣe ọmọlangidi tí àwọn èèyàn lè máa fi kọ́ ọwọ́. Ilé ìwòsàn mélòó ní àyíká wa ló ní ọ̀kan? Mélòó ló ní àpò tí wọ́n fi ń fún aláìmí ní èémí lórí wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, tí kì í ṣe èyí tí wọ́n tì mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù, tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tó ti lọ sílé? Ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì ló jẹ́ pé owó àpò ara wọn ni wọ́n fi ń san owó ẹ̀kọ́ yìí. Bí ogún nínú ọgbọ̀n òṣìṣẹ́ bá kùnà, èmi ò ní sọ pé ogún èèyàn ló kùnà. Ọ̀gá tó ń ṣètò ibẹ̀ ló kọ́kọ́ kùnà. Síbẹ̀ ìyẹn kò wẹ òṣìṣẹ́ mọ́ pátápátá. Ẹni tó mọ̀ pé òun ti gbàgbé, tó sì ń pa á mọ́ra nítorí ipò, ti mú ẹ̀mí ẹlòmíràn ra ọlá ara rẹ̀.

Àwa tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìlera ńkọ́? Àwọn àgbà inú wa rántí August 12, 1989, nígbà tí Samuel Okwaraji ṣubú sórí pápá ní Surulere, tí Nàìjíríà ń bá Angola gbá bọ́ọ̀lù, tó sì kú. Mi ò sọ pé ẹnikẹ́ni ìbá ti rí i gbà là, ọkàn rẹ̀ ti ní àìsàn tẹ́lẹ̀. Àwọn ọmọ wa rántí Christian Eriksen ní Copenhagen, ní June 2021. Òun náà ṣubú, wọ́n tẹ àyà rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, wọ́n lo ẹ̀rọ tó ń ta ọkàn jí, ó sì tún padà gbá bọ́ọ̀lù. Ní orílẹ̀-èdè rẹ̀, Denmark, ẹni tó bá fẹ́ gba ìwé ìwakọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń gba ẹ̀mí là. Tiwa ńkọ́? Bí ẹnì kan bá ṣubú láàárín wa, omi la máa bù sí i lára, ẹnì kan á máa wá ṣíbí tó máa kì í bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ogún èèyàn á yí i ká tí atẹ́gùn ò ní ráàyè, a ó wá figbe bọnu: "Nọ́ọ̀sì wa dà?"

Nọ́ọ̀sì wa yìí, a kì í bi í léèrè rárá. Ẹ lọ bá a lọ́jọ́ ìsinmi tó ń bọ̀, ẹ fi ọ̀wọ̀ bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, ìgbà wo lẹ ti ṣe é kẹ́yìn?" Bó bá ní ó ti pẹ́, ẹ má dá a dá a, kó lọ kọ́ ọ padà, kí ó sì kọ́ àwa náà. Iye èèyàn tí owó aṣọ ẹgbẹ́jọdá tí a rà lọ́dún tó kọjá lè rán lọ sí ẹ̀kọ́ yẹn, mi ò ní ṣírò rẹ̀ fún yín.